Káàdì Báńkì àti Àwọn Olè Tí Kì Í Fọ́lé

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ lóṣù yìí kì í ṣe ti èlé, kì í sì í ṣe ti owó ìdá. Ọ̀rọ̀ olè ni. Ṣùgbọ́n olè tí à ń wí yìí kì í fọ́lé, kì í yọ ìbọn síni, ẹlòmíràn nínú wọn kò tilẹ̀ mọ ìlú tí ẹni tó ń jà lólè ń gbé. Káàdì pẹlẹbẹ tí báńkì fún wa, tí a fi ń gba owó lẹ́nu ẹ̀rọ, tí a sì fi ń sanwó ọjà, òun ni ọ̀nà tí wọ́n ń gbà wọlé.

Ìdí tí ọ̀rọ̀ náà fi kan gbogbo ẹgbẹ́ nìyí. Nígbà tí ẹgbẹ́ bá yá ẹnìkan lówó, inú àkáǹtì rẹ̀ ní báńkì ni owó náà ń lọ. Bí olè bá kó o kí ó tó di ọjà, gbèsè kò bá olè lọ. Gbèsè dúró síbi tó wà. Ẹni tó yá a ni yóò san án, bí kò bá sì rí i san, ọrùn àwọn tó ṣe onídùúró fún un ni yóò bọ́ sí. Irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ láàrin wa. A ó sọ bí ó ṣe ṣẹlẹ̀, ṣùgbọ́n a kò ní dárúkọ ẹnikẹ́ni, nítorí kì í ṣe ẹni tí wọ́n jà lólè ló yẹ kí ojú tì.

ÀWÌN ỌTỌ̀, OWÓ ẸNI ỌTỌ̀

Kí á tó lọ jìnnà, nǹkan kan wà tí ó ń ṣi ọ̀pọ̀ nínú wa lọ́nà. Àwọn ọmọ wa tó wà ní London tàbí ní Houston a máa sọ lórí fóònù pé, "Mọ́mì, ẹnìkan ti lo káàdì mi láìjẹ́ pé mo mọ̀, ṣùgbọ́n báńkì ti yanjú ẹ̀." Ìyá á wá gbà pé bẹ́ẹ̀ náà ni yóò rí fún òun níbí. Ó tì o. Káàdì tí ọ̀pọ̀ wọn ń lò lọ́hùn-ún, káàdì àwìn ni. Owó báńkì ni wọ́n fi ń rajà. Bí oṣù bá parí ni ìwé gbèsè yóò dé, tí wọn yóò sì san án. Bí olè bá lo irú káàdì bẹ́ẹ̀, owó báńkì ló kó. Oní-káàdì á kàn wo ìwé gbèsè, á ní, "Èyí kì í ṣe tèmi, n kò ní san án," nígbà tí owó tirẹ̀ ṣì wà ní àpò rẹ̀.

Òfin sì tún gbè é lẹ́yìn. Ojú àwọn ará Amẹ́ríkà ti rí nǹkan lórí ọ̀rọ̀ yìí tipẹ́. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1958, Bank of America fi káàdì àwìn tó tó 60,000 ránṣẹ́ sí ilé àwọn ará ìlú Fresno ní ìpínlẹ̀ California, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni nínú wọn béèrè. Ẹ wò ó ná: káàdì tó ṣeé fi rajà, nínú àpòòwé, lẹ́nu ọ̀nà oníkálukú! Nígbà tí àwọn báńkì mìíràn bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bẹ́ẹ̀ kiri ìlú, àwọn olè ń jí àpòòwé kó kí ẹni tó ni ín tó mọ̀ pé òun ní káàdì. Ọdún 1970 ni ìjọba wọn fòfin de fífi káàdì ránṣẹ́ sí ẹni tí kò béèrè, òfin kan náà sì ni ó sọ pé bí olè bá lo káàdì àwìn ènìyàn, ohun tí wọ́n lè gbà lọ́wọ́ oní-káàdì kò gbọdọ̀ ju 50 dọ́là lọ. Òfin ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí wọ́n ṣe ní 1974, náà fi ààlà sí ohun tí wọ́n lè gbà lọ́wọ́ oní-káàdì.

Tiwa ńkọ́? Ìbáà ṣe Verve, ìbáà ṣe Visa tàbí Mastercard, èyí tó pọ̀ jù nínú káàdì tó wà nínú pọ́ọ̀sì wa kì í ṣe ti àwìn. Owó tí àwa fúnra wa ti kó pamọ́ ni káàdì náà ń ṣí. Bí wọ́n bá ti lò ó, owó ti jáde lójú ẹsẹ̀. Nínú ti àwọn ọmọ wa, báńkì ló ń sáré tẹ̀lé owó. Nínú tiwa, àwa là ń sáré tẹ̀lé e. Àwọn ará Amẹ́ríkà náà mọ ìyàtọ̀ yìí, torí náà òfin ọ̀tọ̀ ni wọ́n ṣe fún irú káàdì tiwa yìí ní 1978. Ẹni tó bá fi tó báńkì létí láàrin ọjọ́ méjì tó mọ̀ pé káàdì òun sọnù, àdánù rẹ̀ kò ní ju 50 dọ́là lọ. Bí ọjọ́ méjì bá kọjá, ó lè di 500. Bí ó bá sì fi 60 ọjọ́ dákẹ́ lẹ́yìn tí báńkì ti fi ìwé àkáǹtì ránṣẹ́ sí i, ohun tí olè bá kó lẹ́yìn ìyẹn lè jẹ́ tirẹ̀ pátápátá. Ẹ ò rí i? Kódà níbi tí òfin ti ń gbè ènìyàn, bí a ṣe tètè sọ̀rọ̀ sí ni wọ́n fi ń wọn ọ̀rọ̀ náà.

OHUN TÍ OLÈ Ń WÁ

Ẹ mú káàdì yín jáde, kí ẹ wò ó. Nọ́ńbà gígùn wà lára rẹ̀, èyí tó sábà máa ń jẹ́ 16. Ti Verve mìíràn gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Oṣù àti ọdún tí káàdì yóò kú wà níbẹ̀. Ní ẹ̀yìn, nọ́ńbà kékeré mẹ́ta wà. Nǹkan méjì ni kò sí lára rẹ̀: nọ́ńbà àṣírí mẹ́rin tó wà nínú orí yín, tí à ń pè ní PIN, àti nọ́ńbà ẹlẹ́ẹ̀kan tí báńkì máa ń fi ránṣẹ́ sórí fóònù nígbà tí ẹ bá fẹ́ ṣe nǹkan, tí àwọn ọ̀dọ́ ń pè ní OTP. Ẹni tó bá fẹ́ gba owó lẹ́nu ẹ̀rọ ATM, káàdì àti PIN ló ń wá. Ẹni tó bá fẹ́ fi káàdì yín rajà lórí íntánẹ́ẹ̀tì kò nílò káàdì gan-an. Nọ́ńbà ara rẹ̀ ló ń wá, àti OTP. A ní láti fi kún un pé ibi ìtajà kan wà lókè òkun tí kì í béèrè OTP rárá. Nítorí náà, ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ya káàdì yín ní fọ́tò níwájú àti lẹ́yìn, bó ti wù kí ẹni náà sún mọ́ yín tó.

Láyé ọjọ́un, ìlà dúdú ẹ̀yìn káàdì ni ẹ̀rọ ń kà. Ohun tó wà nínú ìlà yẹn kì í yí padà, bí ó ti wà lánàá ló wà lónìí, torí náà ó rọrùn láti dà á kọ. Àwọn olè a máa fi ẹ̀rọ tẹ́ẹ́rẹ́ kan sí ẹnu ATM, èyí tó ń da ìlà náà kọ bí káàdì ṣe ń wọlé, wọn a sì fi kámẹ́rà bíńtín sí òkè láti máa wo ìka ẹni tó ń tẹ PIN. Nígbà tí káàdì oní-ṣíìpù gbòde ní Nàìjíríà lẹ́yìn ọdún 2010, iṣẹ́ yẹn bà jẹ́ mọ́ wọn lọ́wọ́. Ṣíìpù ni ohun pẹlẹbẹ aláwọ̀ wúrà tó wà níwájú káàdì. Kọ̀ǹpútà kékeré ni. Gbogbo ìgbà tí a bá lò ó ni ó ń ṣe nọ́ńbà tuntun tí kò ní wúlò lẹ́ẹ̀kejì. Ẹni tó bá da ti òní kọ, kò rí nǹkan fi ṣe lọ́la.

Ẹ̀rọ wá gbọ́n ju olè lọ. Kí ni olè ṣe? Ó fi ẹ̀rọ sílẹ̀, ó kọjú sí ènìyàn. Èyí tó pọ̀ jù nínú jìbìtì tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wa ti fi tó wa létí, kì í ṣe pé ẹnìkan já wọ inú kọ̀ǹpútà báńkì. Ẹnu wa ni wọ́n ti gba ohun tó kù.

ÌYÁ ELÉLÙBỌ́

Ọ̀kan nínú àwọn ìyá wa tó ń ta èlùbọ́ lọ gba owó lẹ́nu ATM ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Jímọ̀ kan, báńkì ti ti ilẹ̀kùn. Ẹ̀rọ náà ń fà. Ọmọkùnrin kan tó mọ́ tónítóní, tó wà lẹ́yìn rẹ̀ lórí ìlà, ní, "Mọ́mì, ẹ jẹ́ n bá yín ṣe é." Ó yọ káàdì, ó fi aṣọ nu ún, ó tún un kì bọ ẹ̀rọ, ó ní kí ìyá tẹ nọ́ńbà wọn. Ìyá tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀rọ ní nọ́ńbà náà kò bá a mu. Wọ́n tún un tẹ̀, ó tún kọ̀. Ọmọkùnrin yìí yọ káàdì, ó fà á lé ìyá lọ́wọ́ pẹ̀lú ìtẹríba, ó ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni, kí wọ́n padà wá lọ́jọ́ mìíràn. Ìyá súre fún un.

Ìgbà tó ń nu káàdì ni ó ti pààrọ̀ rẹ̀. Èyí tó kì bọ ẹ̀rọ kì í ṣe ti ìyá mọ́, ìdí nìyẹn tí PIN kò fi bá a mu. Báńkì kan náà, àwọ̀ kan náà, ṣùgbọ́n orúkọ ẹlòmíràn ló wà lára rẹ̀. Ìyá kò sì mọ̀wé kà. Báyìí, káàdì ìyá wà lọ́wọ́ ọmọkùnrin, PIN ìyá sì wà ní ojú rẹ̀, torí pé ó ń wo ọwọ́ wọn.

Báńkì ní iye tí káàdì kan lè gbà lójúmọ́, kò lè ju bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ yìí mọ ìṣirò. Wọ́n gba ti ọjọ́ Jímọ̀ kí aago méjìlá òru tó lù, wọ́n sì gba ti Sátidé ní kété tó lù tán. Ní ìṣẹ́jú díẹ̀, owó ọjọ́ méjì ti lọ. Nígbà tó di òru Sátidé, wọ́n tún ṣe é bẹ́ẹ̀. Alert ń wọlé o, ṣùgbọ́n iná kò sí, fóònù ìyá ti kú. Ọjọ́ Ajé tí wọ́n dé báńkì, àkáǹtì ti gbẹ.

Nínú gbogbo ohun tí báńkì sọ fún wọn, ọ̀kan ló dun ìyá jù: pé nígbà tó jẹ́ PIN ni wọ́n tẹ̀, a jẹ́ pé oní-káàdì ló tẹ̀ ẹ́ tàbí kó jẹ́ pé òun ló fi han ẹlòmíràn. Ọ̀rọ̀ yìí ni báńkì máa ń kọ́kọ́ sọ, ẹ má sì jẹ́ kó lé yín sílé. A ó sọ ohun tí ẹ lè fi dá wọn lóhùn níwájú.

Fún ẹ̀yin tí ẹ kò mọ̀wé kà, ẹ fi ọ̀dà tí àwọn obìnrin fi ń kun èékánná tọ́ káàdì yín ní igun kan lẹ́yìn, níbi tí kò ti ní kan ìlà dúdú tàbí ṣíìpù. Káàdì tí kò bá ní àmì yẹn kì í ṣe tiyín. Ìgbàkígbà tí káàdì bá kúrò lọ́wọ́ yín, tó tún padà, ẹ wo àmì yín kí ẹ tó kúrò níbẹ̀. Bí ẹ kò bá sì rí i, igbe ni kí ẹ fi ta.

"IBI IṢẸ́ BÁŃKÌ YÍN NI MO TI Ń PÈ"

Èyí ni ó tún wá burú jù, torí pé àwọn tó mọ̀wé ni wọ́n ń fi í mú. Ọmọ ẹgbẹ́ wa kan tó ń ta ohun ìkọ́lé gba ẹ̀yáwó lọ́wọ́ ẹgbẹ́. Ọjọ́ kẹta tí owó wọ àkáǹtì, ẹnìkan pè é lórí fóònù ní àárọ̀ tí ọjà ń lọ lọ́wọ́. Ó pe orúkọ rẹ̀ ní kíkún. Ó ní àwọn báńkì ni, pé BVN rẹ̀ níṣòro, wọ́n fẹ́ ti àkáǹtì rẹ̀ pa. Ó ní, "Ṣé káàdì yín ló bẹ̀rẹ̀ báyìí-báyìí?" ó sì ka nọ́ńbà mẹ́fà àkọ́kọ́ fún un. Ọ̀gá wa yọ káàdì, ó wò ó: ó bá a mu wẹ́kú! Ta ni yóò tún mọ nọ́ńbà káàdì mi bí kì í bá ṣe báńkì? Ó ka ìyókù fún un. Nọ́ńbà kan wọlé sórí fóònù, ẹni yẹn ní òun ni wọn yóò fi dá títì náà dúró, kí ó tètè kà á. Ó kà á. Wọ́n ní kí ó tẹ PIN rẹ̀ sórí fóònù "fún ìdánilójú." Ó tẹ̀ ẹ́.

Ẹ jẹ́ ká tú idán náà palẹ̀, torí ẹni tó bá ti mọ ọ̀nà rẹ̀ kò ní bọ́ sí i. Nọ́ńbà mẹ́fà àkọ́kọ́ lára káàdì kì í ṣe ti ènìyàn, ti báńkì ni. Visa a máa fi 4 bẹ̀rẹ̀. Mastercard sábà máa ń fi 5 bẹ̀rẹ̀. Verve sábà máa ń fi 506 bẹ̀rẹ̀. Àwọn tó tẹ̀lé e ló ń sọ báńkì tó ṣe é àti irú káàdì tó jẹ́. Bí ẹ bá gbé káàdì yín sí ẹ̀gbẹ́ ti aládùúgbò yín tó ń lo báńkì kan náà àti irú káàdì kan náà, ẹ ó rí i pé mẹ́fà yẹn bára mu. Olè náà mọ báńkì rẹ̀ nìkan ni, kò mọ káàdì rẹ̀.

Báwo ló ṣe mọ báńkì àti orúkọ? Ẹ gbójú sókè nínú ṣọ́ọ̀bù yín. Páálí tí a kọ nọ́ńbà àkáǹtì sí kí oníbàárà lè sanwó wọlé, tí nọ́ńbà fóònù wà ní abẹ́ rẹ̀! Ẹnikẹ́ni tó bá tẹ nọ́ńbà àkáǹtì yẹn bí ẹni fẹ́ fi owó ránṣẹ́, orúkọ yóò jáde ní kíkún. A kò ní kí ẹ yọ páálí o. Owó ọjà gbọ́dọ̀ wọlé, nọ́ńbà àkáǹtì nìkan kò sì lè mú owó jáde. Ohun tí à ń wí ni pé kí ẹ má ṣe gba ẹnikẹ́ni gbọ́ torí pé ó mọ orúkọ yín.

Ní ti BVN, ní oṣù kejì ọdún 2014 ni Báńkì Àpapọ̀ ilẹ̀ wa, ìyẹn CBN, bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, kí ènìyàn kan lè ní nọ́ńbà kan ṣoṣo ní gbogbo báńkì. Kì í ṣe ohun tí à ń fi ìpè fóònù tún ṣe. Bí ó bá níṣòro, báńkì ni ẹ ó lọ fúnra yín. Ohun tó sì ṣẹlẹ̀ sí ọmọ ẹgbẹ́ wa ni pé, bí wọ́n ti ń bá a sọ̀rọ̀, ẹnìkan ń fi nọ́ńbà káàdì rẹ̀ ṣí àkáǹtì rẹ̀ sórí fóònù tiwọn. OTP yẹn ni kọ́kọ́rọ́ ìkẹyìn. Ìkìlọ̀ wà lára ọ̀rọ̀ tí báńkì fi ránṣẹ́, pé kí ó má ṣe fún ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì ni, ẹni tó ń pè é kò sì fún un láyè kó kà á já. Nínú èrò tiwa, ó yẹ kí àwọn báńkì máa fi èdè tí oníbàárà wọn ń sọ kọ irú ìkìlọ̀ bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ mẹ́rin péré ló gbà: "Má sọ ọ́ fẹ́nikẹ́ni."

Nígbà tí alert àkọ́kọ́ wọlé, ó pariwo. Ọmọ kan ní ṣọ́ọ̀bù kejì gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀, ó pe báńkì lójú ẹsẹ̀. Kò pé ogún ìṣẹ́jú tí wọ́n fi ti àkáǹtì. Olè ti fi owó ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta. Ti àkọ́kọ́ ti di owó lọ́wọ́ ẹlòmíràn, kò padà. Ṣùgbọ́n méjì tó kù ṣì wà nínú àkáǹtì tí wọ́n kó o sí. Báńkì tirẹ̀ pe báńkì ìkejì, wọ́n gbẹ́sẹ̀ lé e, ó sì padà lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ẹ fi èyí wé ti ìyá elélùbọ́. Ọ̀rọ̀ kan náà ni, ogún ìṣẹ́jú àti ọjọ́ mẹ́ta ni ìyàtọ̀ wọn.

Ẹni tí fóònù rẹ̀ bá sọnù, kó ka ara rẹ̀ kún ẹni tí káàdì rẹ̀ sọnù, nítorí orí fóònù yẹn ni OTP ń balẹ̀ sí. Kó ti SIM pa kí ó tó máa wá fóònù.

TI ẸNI TÓ Ń GBOWÓ

Àwa ọlọ́jà, ìhà méjì ni wọ́n ti ń yọ sí wa. Ẹni tí wọn kò rí káàdì rẹ̀ jí, wọ́n lè fi káàdì olólùfẹ́ ẹlòmíràn tí wọ́n jí ra ọjà rẹ̀. Bí ẹni tó ni káàdì bá kígbe, báńkì lè gbẹ́sẹ̀ lé owó yẹn nínú àkáǹtì ọlọ́jà títí wọn yóò fi yanjú ẹjọ́, ọjà sì ti lọ. Àwọn tó ń ṣe POS mọ èyí dáadáa, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ti jìyà rẹ̀.

Ọlọ́jà tó bá ní ojú á mọ̀ ọ́n. Ẹni tó ń ná owó olówó kì í nájà. Ẹ ní 40,000, á ní ó dáa. Ọjà tó ṣeé tètè tà ni yóò mú, fóònù, epo, àpò ìrẹsì, kì yóò sì wo bí ó ti rí. PIN á kọ̀ lẹ́ẹ̀kan, á yọ káàdì mìíràn. Ìyẹn náà á kọ̀, á tún yọ òmíràn. Kò sí òfin tó ní dandan ni kí ẹ tà fún irú ẹni bẹ́ẹ̀. Ẹ sọ pé ẹ̀rọ ti bàjẹ́. Bí ẹ bá sì tà á, ẹ tọ́jú ìwé pélébé tí POS tẹ̀ jáde. Òun ni ẹ ó fi sọ tẹnu yín bí ọ̀rọ̀ bá délẹ̀.

Ti alert ayédèrú, gbogbo wa la ti gbọ́ ọ. Orúkọ báńkì tó wà lókè ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ránṣẹ́ ṣeé ṣe ní ayédèrú, fọ́tò ìwé ẹ̀rí ìsanwó tún rọrùn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Iye tó wà nínú àkáǹtì yín ni kí ẹ fi fóònù tiyín wò, kì í ṣe fóònù oníbàárà, kí ọjà tó kúrò nílẹ̀. Oníbàárà tòótọ́ kò ní bínú.

BÍ Ó BÁ TI ṢẸLẸ̀

Nọ́ńbà tí a fi ń pe báńkì wà ní ẹ̀yìn káàdì. Àmọ́ bí káàdì bá ti lọ, nọ́ńbà náà ti bá a lọ nìyẹn! Nítorí náà, lónìí, kí ẹ tó sùn, ẹ dà á kọ sára ògiri tàbí sínú ìwé àkọsílẹ̀ ọjà yín. Ẹ béèrè lọ́wọ́ báńkì bóyá wọ́n ní nọ́ńbà kúkúrú tí a lè tẹ̀ lórí fóònù ẹnikẹ́ni láti fi ti àkáǹtì pa. Ọ̀pọ̀ wọn ló ní in. Ẹ dà á kọ sí ẹ̀gbẹ́ èkíní. CBN ti pàṣẹ pé kí báńkì kọ̀ọ̀kan ní àwọn òṣìṣẹ́ tó ń gbọ́ ọ̀rọ̀ jìbìtì tọ̀sán-tòru, nítorí náà ẹ má ṣe dúró de ọjọ́ Ajé.

Bí ẹ bá pè wọ́n, ẹ kọ aago tí ẹ pè, orúkọ ẹni tó dáhùn, àti nọ́ńbà ẹ̀sùn tí wọ́n fún yín. Nígbà tí báńkì bá ṣí, ẹ mú lẹ́tà lọ, ẹ̀dà méjì. Kí wọ́n tẹ òǹtẹ̀ sí ọ̀kan fún yín. Ibí yìí ni ẹ ó ti dá wọn lóhùn lórí ọ̀rọ̀ PIN tí a wí lẹ́ẹ̀kan. Ẹ kọ ọ́ sínú lẹ́tà pé kí wọ́n wo àwòrán kámẹ́rà ATM tí wọ́n ti gba owó, ní ọjọ́ àti aago tí alert sọ. Ẹ tètè béèrè, nítorí wọn kì í tọ́jú àwòrán náà títí láé. Ẹ béèrè fún ìwé àkọsílẹ̀ àkáǹtì yín. Bí owó bá wọ àkáǹtì ẹlòmíràn, báńkì mọ ẹni tó ni ín. Kí wọ́n kọ̀wé sí báńkì yẹn. Lẹ́yìn náà ni ti ọlọ́pàá. Òfin lórí ìwà ọ̀daràn orí íntánẹ́ẹ̀tì tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní 2015 sọ pé ẹni tó bá fi káàdì ṣe jìbìtì lè lọ sẹ́wọ̀n títí dé ọdún 7, tàbí kó san owó ìtanràn tó lè tó mílíọ̀nù 5 náírà, tàbí méjèèjì. Bí ọ̀sẹ̀ méjì bá kọjá tí báńkì kò dá yín lóhùn tó tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ ní ẹ̀tọ́ láti kọ̀wé sí ẹ̀ka CBN tó ń gbọ́ ẹ̀sùn àwọn oníbàárà, kí ẹ so ẹ̀dà tó ní òǹtẹ̀ mọ́ ọn. Ẹni tí kò ní òǹtẹ̀, ẹnu lásán ló ní.

Ti ẹgbẹ́ wá kù. Ìgbìmọ̀ ti jókòó lórí rẹ̀. Àwa rò pé kí ẹni tó bá fẹ́ gba ẹ̀yáwó ṣí àkáǹtì kan tí kò ní káàdì rárá, tí kò sì sí lórí fóònù, kí owó ẹ̀yáwó máa wọ ibẹ̀. Ìwọ̀nba tí a fẹ́ ná ní ọ̀sẹ̀ kan ni kí á máa gbé bọ́ sí àkáǹtì oní-káàdì. Olè tó bá rí káàdì, owó ọ̀sẹ̀ kan ló rí. Ó ní ìyọnu tirẹ̀, ó túmọ̀ sí kí á máa fẹsẹ̀ rìn lọ sí báńkì, kí á sì tò sórí ìlà. A ó dìbò lórí rẹ̀ ní ìpàdé oṣù tó ń bọ̀, nítorí náà kí ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ lòdì sí i wá sọ ọ́.

Ẹni tí nǹkan yìí bá ṣẹlẹ̀ sí, kí ó tètè sọ fún akápò àti fún àwọn onídùúró rẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an. Àwọn kan ti fi í pamọ́ fún oṣù méjì nítorí ìtìjú, títí tí owó sísan fi dá dúró tí àwọn onídùúró sì gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn. Bí a bá tètè gbọ́, a lè fi oṣù kún àkókò tí yóò fi san án. Àpẹẹrẹ lẹ́tà sí báńkì wà lọ́wọ́ akọ̀wé. Ẹni tí kò bá lè kọ ọ́, kí akọ̀wé bá a kọ ọ́, ọ̀fẹ́ ni. Kò dìgbà ìpàdé, ẹ lọ bá a nílé.